Ẹni Tó Jìnnà Jù Ni Kó Kọ́kọ́ Lọ

Bí ẹ bá ti rí ọkùnrin kan rí tó ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ kí òun, ẹ ti rí Ọ̀gá Pátápátá nìyẹn. Òun ni olórí Ilé-iṣẹ́ Ètò Ilé-Gbígbé, ilé alájà mẹ́ta tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Bẹ́ẹ̀ ni o, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ilé gbogbo ìlú kò rí ẹni bójú tó tirẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni wọ́n máa ń tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, Ọ̀gá Pátápátá á sì gbá kóòtù rẹ̀ mọ́ra, á máa fò wọ́n kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun kọ́ ló fún ara rẹ̀ lórúkọ yẹn. Irọ́ ni mo pa. Òun ni.

Láago mẹ́wàá àárọ̀ ni Wákàtí Ìfọwọ́sí. Agogo kékeré kan á dún, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde. Igbákejì rẹ̀ ló ń gbé bírò aláwọ̀ ewé wá lórí tìmùtìmù pupa. Ọrùn igbákejì yìí ti mọ orí í mì débi pé ó ń mì í lójú oorun, Bẹ́ẹ̀ni-Sà ni gbogbo ọ́fíìsì sì ń pè é. Akọ̀wé á ṣí fáìlì, á fi ìka kan ibi tí Ọ̀gá máa fọwọ́ sí. Ọ̀gá kì í ka ohunkóhun tó bá wà lókè ìka yẹn.

“Ìwé kíkà,” ló máa ń sọ, “iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé ni. Èmi ti jáde ilé-ìwé.”

Bó bá ti fọwọ́ sí ọ̀kan tán, Bẹ́ẹ̀ni-Sà á ké pé, “Ọwọ́ yìí kò ní gbọ̀n!” Àwọn òṣìṣẹ́ á dáhùn pé, “Láéláé!” Bí lẹ́tà bá jẹ́ ogún, ẹ̀ẹ̀mejì lé lógún ni wọ́n máa ń ké, torí Ọ̀gá fẹ́ràn èènì.

Ká sòótọ́, ìbuwọ́lù náà rẹwà. Ó ní ìwo, ó ní ìrù, ohun kan sì wà láàárín rẹ̀ tó dà bí ẹyẹ tó fẹ́ bà sórí igi. Ọ̀gá fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Ó wá pàṣẹ pé ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà tóun bá fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ lọ síbi mẹ́ta. Ọ̀kan á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ọ̀kan á lọ sọ́dọ̀ Olùbẹ̀wò Àgbà ìjọba, kó lè mọ bí òun ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Ìkẹta á lọ sórí pátákó ẹnu ọ̀nà, kí aráàlú lè máa wo ìbuwọ́lù òun kí ojú wọn lè là. Ẹ má gbàgbé pátákó yẹn o.

Akọ̀wé tí mo sọ yìí, obìnrin tó ń sún mọ́ ogójì ọdún ni. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní ìkọjá afárá, ní ẹ̀yìn ibi tí ìlú parí sí. Orúnkún ìyá náà kò ṣeé fi gun àtẹ̀gùn mọ́, ilé ilẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n láàárín ìlú àfi ilé àwọn ọ̀gá. Àwọn ilé tí ìjọba ṣèlérí fáwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà nínú àwòrán kan lára ògiri ọ́fíìsì. Aláǹgbá nìkan ló ti kó wọnú wọn.

Ní ọjọ́ Ajé kan, bọ́ọ̀sì dákú sórí afárá. Akọ̀wé sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn, ó sáré, ó sì dé ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje. Fún ìṣẹ́jú méje gbáko, Ọ̀gá Pátápátá jókòó pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, kò mọ ibi tí òun máa fọwọ́ sí, torí ìka kò tíì dé.

“Níbo lo ti ń bọ̀?”

“Ìkọjá afárá ni, sà. Bọ́ọ̀sì ló...”

“Ìkọjá afárá! Bẹ́ẹ̀ni-Sà, ṣé ìkọjá afárá wà nínú ìlú?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Kí lo wí?”

“Bẹ́ẹ̀ kọ́, sà! Ẹnu mi ló kọ́kọ́ sáré kí yín, sà.”

Ọ̀gá dìde. Bó bá ti dìde báyìí, kí ẹni tó ní oúnjẹ lórí iná tètè lọ sọ ọ́ kalẹ̀.

“Ẹ gbọ́, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi! Ẹni tí kò sùn nínú ìlú, ṣé ó lè jí nínú ìlú? Ẹni tí kò jí nínú ìlú, ṣé ó lè fẹ́ràn ìlú? Ẹni tí kò fẹ́ràn ìlú, kí ló ń wá lórí àga ìlú? Mo ti pàṣẹ! Láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, òṣìṣẹ́ yòówù tí ibùgbé rẹ̀ kò bá sí nínú ìlú yìí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Látorí mi dórí agbálẹ̀! Kò sí ẹ̀bẹ̀! Kò sí àlàyé! Kí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ẹni tó jìnnà jù ni kó kọ́kọ́ lọ!”

“Láéláé!” ni àwọn òṣìṣẹ́ dáhùn, torí wọn ò mọ̀ bóyá ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti dáhùn.

“Látorí mi” yẹn, ó kàn dùn lẹ́nu rẹ̀ ni. Ilé ìjọba ni Ọ̀gá ń gbé, òpópónà kejì sí ọ́fíìsì, pẹ̀lú ọgbà òdòdó àti ìlẹ̀kùn márùn-ún sí gbangba. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló tẹ àṣẹ náà. Òun náà ló tẹ orúkọ àwọn méje tó kàn. Orúkọ tirẹ̀ ló wà lókè, torí kò sí ẹni tó jìnnà tó o.

Nírọ̀lẹ́, ó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀.

“Wọ́n ní kí n kó wá sáàárín ìlú, Màmá, àbí kí n fiṣẹ́ sílẹ̀.”

“Ta ló ní bẹ́ẹ̀?”

“Ọ̀gá wa ni.”

“Èyí tó ń bójú tó ilé yẹn?”

“Òun náà ni.”

“Ó dáa nígbà yẹn. Sọ fún un kó bójú tó ọ̀kan fún wa. Kó má ní àtẹ̀gùn.” Màmá rẹ́rìn-ín, ó wá ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣìpẹ̀ fún un. “Bó bá jẹ́ tèmi ló ń dá ẹ dúró, ọmọ mi, gbé mi síbì kan kó o máa lọ.”

“Ibo ni n ó gbé yín sí, Màmá? Orí kọ́bọ́ọ̀dù?”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Àmọ́ iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ ilé, òun ló sì ń ra oògùn orúnkún. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù kóṣù parí.

Ẹ má rò pé ọkùnrin tó fẹ́ràn ìlú tó báyìí kò ní ìfẹ́ lọ́kàn fún ìlú mìíràn. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ omi, ọ̀tá rẹ̀ látijọ́, ti ra fúláàtì sókè òkun, ó sì ń fi fọ́tò fèrèsé rẹ̀ han gbogbo ayé nípàdé. Láti ọjọ́ yẹn ni oorun Ọ̀gá Pátápátá ti pòórá. Ó wá alágbàtà ilé kan rí lórí fóònù, obìnrin tí ohùn rẹ̀ ń yọ̀ bí ọṣẹ. Akọ̀wé ló ń di fóònù mú, torí Ọ̀gá fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì òun ló máa hàn.

“Ọlọ́lá jùlọ, ẹ wo fèrèsé yìí! Ẹ wo odò!”

“Mo rí i,” ni Ọ̀gá wí. Àtàǹpàkò obìnrin náà ló rí.

“Àjà kẹtàdínlógún ni. Tẹ́ ẹ bá dúró síbí, gbogbo ìlú á wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ yín.”

“Ibẹ̀ náà ló yẹ kó wà.”

“Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló kù. Òfin ibí ò jẹ́ kí àjèjì ra fúláàtì àfi tó bá jẹ́ pé ibí ló ń gbé. Ṣé ibí lẹ̀ ń gbé?”

“Ọkàn mi ń gbé ibẹ̀.”

“Ọkàn ò ní àpótí lẹ́tà, Ọlọ́lá.”

Ọ̀gá wo òkè àjà, níbi tí òjò ti ya àwòrán sí. “Tí mo bá ní ibẹ̀ ni mò ń gbé ńkọ́?”

“Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi já Ọlọ́lá nírọ́? Ẹ kàn máa fọwọ́ sí i pé láti ọdún méjì lẹ ti ń gbé níbí, pé ẹ kò ní ibùgbé mìíràn lábẹ́ ọ̀run, ẹ kò sì di ipò kankan mú níbòmíì. Wọn á kọ lẹ́tà láti wádìí ẹ̀, àmọ́...”

“Kí wọ́n kọ ọ́! Èmi ni lẹ́tà ń bẹ̀rù, èmi kì í bẹ̀rù lẹ́tà. Nígbà tí mo bá ń wọlé, ṣé àwọn aládùúgbò máa ń dìde?”

“Tí wọ́n bá ti wà ní ìdúró tẹ́lẹ̀, Ọlọ́lá.”

Ó fọwọ́ sí i lójú fóònù. Ó yíjú sí Akọ̀wé. “O ò gbọ́ nǹkan kan o.”

“Mi ò gbọ́ nǹkan kan, sà.”

“Kí ni o kò gbọ́?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n, sà.”

“O káre.”

Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Mọ́mì, bi í léèrè lọ́jọ́ yẹn pé, “Dádì, ta ló máa wá gbé ibẹ̀ o?”

“Gbé ibẹ̀ kẹ̀? Irú fúláàtì yẹn kì í ṣe fún gbígbé. Fún sísọ ni.”

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù ni lẹ́tà náà dé. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ilé lókè òkun ló kọ ọ́, wọn ò sì kọ ọ́ sí ẹlòmíì bí kò ṣe Ilé-iṣẹ́ Ètò Ilé-Gbígbé ilẹ̀ ẹni tó fẹ́ ra ilé. Fọ́ọ̀mù ni. Wọ́n ti kọ gbogbo rẹ̀ tán, ìbuwọ́lù àti òǹtẹ̀ ìjọba nìkan ló kù. Akọ̀wé, ẹnì kan ṣoṣo tó ń kàwé lórí àjà yẹn, kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó jókòó. Ó tún un kà. Orúkọ Ọ̀gá ló wà lókè fọ́ọ̀mù. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé: “Èmi, olórí ilé-iṣẹ́ yìí, ń jẹ́rìí pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè kò gbé ní ìlú wa mọ́, kò ní ibùgbé kankan níbẹ̀, kò sì di ipò ìjọba mú.”

Ẹlòmíì ì bá ti rẹ́rìn-ín sínú kó sì pa ẹnu mọ́. Akọ̀wé kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà tí agogo dún, tí fọ́ọ̀mù náà kàn, ó gbé ìka rẹ̀ sókè.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, lẹ́tà yìí...”

“Akọ̀wé! Ìgbà wo ni lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wá pẹ̀lú ẹnu?”

“Ọ̀rọ̀ yín ló wà nínú ẹ̀ ni, sà.”

“Nínú lẹ́tà wo ni ọ̀rọ̀ mi kò sí? Èmi ni ọ̀rọ̀! Ìka dà?”

“Sà, tẹ́ ẹ bá lè kà á lẹ́ẹ̀kan péré...”

Bẹ́ẹ̀ni-Sà di tìmùtìmù mú bí ẹni tí omi ń gbé lọ.

“Kí n kà á?” Ọ̀gá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, ohùn tó máa ń lò ṣáájú kó tó lé ènìyàn. “Ọjọ́ mẹ́rin ló kù fún ẹ láti wà níbí. Ṣé kí n sọ ọ́ di ẹyọ kan ni? Ìka!”

Akọ̀wé gbé ìka sí i. Bírò aláwọ̀ ewé gùn ún, ó yọ ìwo, ó yọ ìrù, ẹyẹ bà sórí igi.

“Ọwọ́ yìí kò ní gbọ̀n!”

“Láéláé!”

Ẹ̀dà mẹ́ta jáde. Ìkínní wọkọ̀ lọ sókè òkun. Ìkejì wọ àpò ìwé kan náà pẹ̀lú lẹ́tà tí Ọ̀gá fi pe Olùbẹ̀wò Àgbà pé kó wá fojú ara rẹ̀ rí bí òun ṣe máa lé àwọn òṣìṣẹ́ méje lọ. Ìkẹta lọ sórí pátákó.

Agbálẹ̀ ló kọ́kọ́ kà á. Ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Kó tó di ọ̀sán, àwọn tó wá gba ìwé ilé ti yí pátákó ká. Lọ́jọ́ kejì, àwọn tí kò wá gba nǹkan kan pàápàá ti ń dé. Ọ̀gá Pátápátá wò wọ́n láti ojú fèrèsé òkè, omi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ni-Sà, wò wọ́n! Ìbuwọ́lù mi ló ń fà wọ́n báyẹn!”

Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti ka ìwé náà. Ó la ẹnu láti fi rárá ta ko Ọ̀gá, ó sì gbìyànjú gan-an. Àmọ́ ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tí ẹnu rẹ̀ ti gba ọ̀nà yẹn gbẹ̀yìn, koríko ti bo ojú ọ̀nà.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ló wí.

“Ẹ fi gílóòbù iná sí i lórí, kí wọ́n lè máa rí i dáadáa!”

Wọ́n fi gílóòbù sí i.

Ọjọ́ kìíní oṣù pé. Òjò rọ̀ láàárọ̀, àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì wà nípò wọn. Olùbẹ̀wò Àgbà, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó gbé àpò awọ lọ́wọ́, jókòó níwájú gbọ̀ngàn. Àwọn méje tó kàn dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, Akọ̀wé ló ṣáájú wọn. Àárọ̀ yẹn, Màmá ti bá a nu bàtà rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá máa lé ènìyàn, kí wọ́n lé e pẹ̀lú bàtà tó ń dán.

Ogójì ìṣẹ́jú ni Ọ̀gá fi sọ̀rọ̀. N kò ní fi í jẹ yín níyà. Nígbà tó mí kanlẹ̀, Olùbẹ̀wò Àgbà gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹ ṣeun, sà. Kó yé mi dáadáa. Ta ni àṣẹ yìí kàn?”

“Gbogbo ènìyàn! Látorí mi dórí agbálẹ̀!”

“Orí yín náà?”

“Orí mi ni mo ti bẹ̀rẹ̀!” Àtẹ́wọ́ dún.

“Kò sí ẹ̀bẹ̀?”

“Kò sí!”

“Kò sí àlàyé?”

“Àlàyé ni ìyá tó bí ẹ̀bẹ̀!”

“Ẹni tó jìnnà jù ló sì máa kọ́kọ́ lọ. Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ta ló jìnnà jù?”

Akọ̀wé gbé ìwé sókè, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. “Èmi ni, sà. Ìkọjá afárá, ẹ̀yìn ilé epo. Ogójì ìṣẹ́jú ni, tí bọ́ọ̀sì ò bá dákú.”

“Rárá o.” Olùbẹ̀wò Àgbà ṣí àpò rẹ̀. “Ẹnì kan jìnnà jù yín lọ. Òkun ló wà láàárín ilé tirẹ̀ àti ọ́fíìsì yìí.”

Ọ̀gá lu tábìlì. “Òkun! Nínú ọ́fíìsì mi? Ta ni ọ̀dàlẹ̀ yẹn? Ẹ fi í hàn mí kí n lé e lójú gbogbo ayé!”

“Ẹ jẹ́ kí n ka ìwé tó fi í hàn...”

“Kí la fẹ́ kà á fún? Ta ló fọwọ́ sí i?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Bó bá jẹ́ èmi ni mo fọwọ́ sí i, òtítọ́ ni! Mo ti lé e! Kó máa lọ!”

Olùbẹ̀wò Àgbà rọra yí ìwé náà sí i, ó sì gbé ìka sókè fọ́ọ̀mù, níbi tí ìka kankan kò dé rí. Ọ̀gá kà á. Ẹ̀kán òjò kan kán sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, tó. Òmíràn kán, tó.

“Èmi kọ́ nìyí,” ni Ọ̀gá wí. “Bẹ́ẹ̀ni-Sà! Wò ó dáadáa. Ṣé èmi ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ṣùgbọ́n ibí ni mò ń gbé! Òpópónà kejì! Ẹ ti jẹun nílé mi rí!”

“Bó bá jẹ́ ibí lẹ̀ ń gbé,” ni Olùbẹ̀wò Àgbà wí, “á jẹ́ pé ẹ purọ́, ẹ sì fi òǹtẹ̀ ìjọba lu irọ́ náà. Ilé ẹjọ́ nìyẹn ń lọ. Bó bá jẹ́ òkè òkun lẹ̀ ń gbé, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ yín láàárọ̀ yìí. Èwo lẹ fẹ́ ká kọ sílẹ̀, òpùrọ́ ni àbí ẹni tó jìnnà?”

Ọ̀gá ronú. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ wò ó bó ṣe ń ronú, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú ọ́fíìsì yẹn ni.

“Èwo,” ló bi í, “ló níyì jù nínú méjèèjì?”

“Ẹni tó jìnnà ni.”

“Ẹ kọ mí sí ẹni tó jìnnà.”

Wọ́n kọ ọ́. Ó wá ku ìwé ìléniṣẹ́ méje lórí tábìlì, gbogbo rẹ̀ sì ń dúró de ìbuwọ́lù ọ̀gá. Olùbẹ̀wò Àgbà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ọ̀gá mọ́. Ìyá àgbà tó ń tọ́jú fáìlì ní ìsàlẹ̀ ilé ló fi sí àyè náà. Obìnrin yìí máa ń gbé dígí ojú méjì lé ara wọn kàwé. Àṣẹ Ọ̀gá ló kọ́kọ́ kà, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó kà á tán, ó ní, “Ṣé àwa tí a kò kọ́ ilé fún wọn la fẹ́ máa bi wọ́n níbi tí wọ́n ń sùn?” Ó ya á sí méjì. Ó fi apá kan di ibi tí àjà ti ń jò. Akọ̀wé gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn orúnkún kọjá kó tó lọ sílé.

Ìjọba gba ilé òpópónà kejì padà, torí ẹni tó ń gbé lókè òkun, kí ló fẹ́ fi ilé ìjọba ṣe? Ọ̀gá gbéra láti lọ gbé fúláàtì rẹ̀. Àwọn tó ń fúnni níwèé ìrìnnà ní kó mú lẹ́tà wá láti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó padà sí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó ní kí wọ́n yá òun ní ilé ìjọba fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní kó mú ìwé wá pé ìlú yìí ló ń gbé. Ilé ìyá Mọ́mì ló bọ́ sí nígbẹ̀yìn, ilé kékeré kan ní ìkọjá afárá, ẹ̀yìn ilé epo.

Lẹ́yìn oṣù kan, ọkùnrin kan tí kóòtù rẹ̀ ti rọ dúró níwájú fèrèsé Akọ̀wé, òógùn bò ó.

“Bọ́ọ̀sì ló dákú sórí afárá,” ni Ọ̀gá Pátápátá wí.

“Mo mọ̀, sà. Èmi náà wà níwájú nínú ẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ sinmi.”

“Mo fẹ́ ìwé tó fi hàn pé ìlú yìí ni mò ń gbé.”

“A ní ọ̀kan lórí yín tẹ́lẹ̀, sà. Ó sọ nǹkan mìíràn.”

“Kí ló sọ?” Ó nu òógùn ojú rẹ̀. “Jọ̀ọ́, kà á fún mi.”

Akọ̀wé yọ ọ́ nínú fáìlì, ó sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀gá Pátápátá tẹ́ etí, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó parí, ó mi orí, bí Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti máa ń mi tirẹ̀.

“Irú ẹ̀dá wo ló máa fọwọ́ sí irú ìwé báyìí?”

Akọ̀wé yí ìwé náà sí i. Ọ̀gá tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó wo ìwo, ó wo ìrù, ó wo ẹyẹ tó fẹ́ bà sórí igi. Díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ tú ká.

“Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ènìyàn,” ló wí, “ìbuwọ́lù yìí mà dára o!”

“Ó dára gan-an, sà,” ni Akọ̀wé wí. “Òun ni ò jẹ́ ká lè sọ pé ẹlòmíì ni.”